Ọ̀dà Pupa tí Mo Gbé Wọ Igbó Àwẹ̀rẹ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Òkè-Ìsun. Ẹni tí kò bá rí àga, kó lo ẹní. Okun o, gbogbo yín. Mo mọ̀ pé ojú ń tì yín láti wo ikùn mi. Ẹ wò ó dáadáa. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, omi ló kún inú mi, kí n tètè sọ ohun tí mo bá ní í sọ fún àwọn ènìyàn mi. Ohun tí mo ní í sọ nìyí: Benjamin tíṣà kò ta igbó yín. Èmi Josiah, ọmọ obìnrin ilé yín, èmi ni mo tà á. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mi ò ní agbára tí n ó fi máa sá lọ mọ́. Ìyá Ìdùnnú, ìyàwó Benjamin, ẹ ṣé tí ẹ fi Ifẹ̀-Olúkòtún sílẹ̀ wá. Mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹ má sún mọ́ mi bí ẹ kò bá fẹ́. Ẹ ṣáà gbọ́ mi. Orúkọ ọkọ yín ni mo fẹ́ dá padà kí èémí mi tó tán, kò sí nǹkan mìíràn.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Kogi sílẹ̀. Gbogbo wa ní Kàbà la ń wo ọ̀nà Lọ́kọ́ja, oníkálùkù ń wá ẹni tó máa fi òun sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ igbó lásán ni mí nígbà náà. Kẹ̀kẹ́ kan, àdá kan, yúnífọ́ọ̀mù tó ti já ní ìdí, ohun tí ìjọba fún mi nìyẹn lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá nínú ẹ̀gún. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń jókòó lábẹ́ fáànù. Ó dùn mí wọra. Ìlara ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn lónìí. Àkókò yẹn náà sì ni ọ̀rọ̀ igbó gba gbogbo ẹnu. Rédíò ní àwọn aláṣẹ ayé pàdé ní Bùràsíìlì, wọ́n ní bí a kò bá ṣọ́ igi, ayé á gbóná, òjò á máa ṣe bó ṣe wù ú. Láti ìgbà yẹn, kò sí olóṣèlú tí kì í sọ̀rọ̀ igi mọ́. Wọ́n á dé tàwọn ti agbádá, wọ́n á gbin ọmọ igi kan ṣoṣo, wọ́n á ya fọ́tò, ewúrẹ́ á sì jẹ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Benjamin nìkan ló gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ tọkàntọkàn.

Ẹ mọ bó ṣe rí. Ó kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ jọ, ó pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Igbó. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, igbó Àwẹ̀rẹ́ ni fìlà odò wa. Bí a bá ṣí i lórí pẹ́nrẹ́n, oòrùn á pa orísun yẹn." Ó kọ lẹ́tà sí Lọ́kọ́ja, ó ní kí ìjọba dáàbò bo igbó náà, ó ka àwọn igi inú rẹ̀ lórúkọ: ìrókò, ọ̀gànwó, àpá, arère. Èmi ló fún ní lẹ́tà náà pé kí n bá òun fi jíṣẹ́, torí èmi ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀. Mo jí i. Mo gbé e lọ fún Olúbọ̀dé, oníṣòwò pákó tó ń du ipò alága káńsù nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́tà tí ẹni yìí kọ láti fi gba igbó là ni ọ̀tá fi mọ irú igi tó wà níbẹ̀.

Olúbọ̀dé kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Josiah, àwọn ará ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí àlejò wọ igbó yẹn, àbí?" Mo ní wọn kò ní í jẹ́, èèwọ̀ ni. Ó ní, "Ìwọ kì í ṣe àlejò. Sàmì sí àwọn tó tóbi fún mi, kí àwọn oníṣẹ́ mi má baà máa wá wọn kiri. Bí mo bá wọlé ìbò, o ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, Lọ́kọ́ja ni ọ́fíìsì rẹ yóò wà." Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló gbin igi ní gbàgede káńsù, ó ní igbó ni ìyá wa. Mo wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́.

Báyìí ni mo ṣe gbé agolo ọ̀dà pupa mẹ́fà wá sí ìlú ìyá mi. Ẹ pé jọ sí iwájú ilé Bàbá Bámigbóyè, àgbà ìlú yín. Mo ní ìjọba ti gbọ́ igbe yín, gbogbo igi tí a bá kun ni òfin yóò máa ṣọ́, ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá fi àdá kàn án. Bàbá Bámigbóyè, ẹ bi mí pé, "Ọmọ mi, kí ló dé tó fi jẹ́ pupa?" Mo ti mọ̀ pé ẹ ó bèèrè, mo ti pèsè èsì sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá, aṣọ pupa kọ́ ni ẹ fi ń yẹ́ àgbà sí nígbà tó bá papò dà? Ìyẹ́sí yẹn ni ìjọba fẹ́ fún igi yín." Ayọ̀ hàn lójú yín. Ká ní àwọn ará Yàgbà ni mo lọ bá, wọ́n á ní kí n kọ́kọ́ mú ìwé wá. Bùnù ni yín, ẹ mọ ohun tí pupa jẹ́, ọmọ yín ló sì ń sọ̀rọ̀. Ta ni yóò bi ọmọ rẹ̀ ní ìwé?

Mi ò fi ọwọ́ mi kan búrọ́ọ̀ṣì. Ìkà tó gbọ́n ni mí. Benjamin ló ń kùn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé agolo, wọ́n ń kọrin. Àwọn ọ̀gànwó ẹ̀yìn àpáta tí èmi gan-an kò mọ̀, òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àwọn wọ̀nyí." Nígbà tí a padà délé, Ìyá Ìdùnnú, ẹ gúnyán fún mi, ẹ fi ẹran ìgbẹ́ sí i. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo tún ní kí ẹ bu ọbẹ̀ sí i.

Ẹ lọ sìnkú ní Òkè-Bùkún, gbogbo ìlú, ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo sọ ọjọ́ náà fún Olúbọ̀dé. Ìgbà tí ẹ fi padà dé, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ti pa gbogbo igi ńlá ibẹ̀, igi tí ọ̀dà wà lára rẹ̀ nìkan ni wọ́n gé, wọn kò ṣì í ní ẹyọ kan. Ẹ sáré wá bá mi ní Kàbà, Bàbá Bámigbóyè ń sunkún. Ẹ ní ta ló mú wọn wọ ibẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Mo gbọ́ pé Benjamin kọ lẹ́tà sí Lọ́kọ́ja nípa igbó yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ?" Ẹ wò ó, mi ò purọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni mo fi pa á. Kí ẹ tó délé ni ẹnìkan ti rántí pé òun náà ló kun igi. Èmi tí mo gbé ọ̀dà wá, ọmọ yín tí ìjọba kàn rán níṣẹ́ ni ẹ kà mí sí.

Síbẹ̀ àwọn kan láàrin yín kò gbà, wọ́n ní tíṣà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá wádìí síwájú, èmi ni wọn ó bá. Ìgbà náà ni mo dá àbá tó burú jù lọ nínú ayé mi. Mo dìde láàrin ìpàdé, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí orísun. Kí gbogbo ọkùnrin mu omi Àwẹ̀rẹ́ búra, bí àwọn baba wa ti ń ṣe." Gbogbo yín ní ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Benjamin ti gba Jésù ni kò ti fi ohunkóhun búra mọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni mo dẹ tàkúté sí.

Omi náà ti di ẹrẹ̀ nígbà yẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ bù ú. Mo ní bí ó bá jẹ́ èmi, kí odò yìí pa mí. Mo mu ún tán, mo nu ẹnu. Nígbà tó kan Benjamin, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀yin baba mi, mi ò ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi odò búra, mo ti ní Olúwa kan." Igbe ta. Ìyá Ìdùnnú, ẹ wọ́ lórí eékún lọ bá a, ẹ ní, "Baba Ìdùnnú, mu ún nítorí ọmọ rẹ." Ó ní, "Bí mo bá mu ún torí ìbẹ̀rù, kí ni mo fẹ́ máa kọ́ ọmọ náà?" Ó wá wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ mí." Mo bu omi fún ẹni tó kàn.

Ẹ ṣí òrùlé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ lé e lọ. Odò gbẹ lẹ́ẹ̀rùn yẹn, àwọn obìnrin yín bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi adágún, sòbìyà mú yín lẹ́sẹ̀, ẹ sì ń fi orúkọ Benjamin gégùn-ún lórí gbogbo rẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá kó lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀. Bàbá Bámigbóyè, ọkàn yín ti ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ kò gbàgbé. Ẹ bi mí pé, "Josiah, ìwọ tí o rí ayé, ṣé ká jẹ́ kó wọlé?" Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi ló kù. Mo ní, "Bàbá, àṣà ni àṣà." Ni wọ́n bá yí mọ́tò padà sí Ifẹ̀-Olúkòtún pẹ̀lú òkú nínú oòrùn, Ìyá Ìdùnnú, ẹ jókòó tì í lẹ́yìn, ẹ ń fi ìborùn lé eṣinṣin.

Olúbọ̀dé wọlé ìbò. Mo gba ọ́fíìsì mi. Ẹ mọ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi? Kí n máa kọ́ àwọn ará abúlé bí a ṣe ń tọ́jú igbó. Òyìnbó obìnrin kan wá láti òkè òkun, ó gbọ́ mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, omi wà lójú rẹ̀. Ẹnu gbogbo ayé ni ọ̀rọ̀ igi wà, ọwọ́ gbogbo ayé ni ayùn wà. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé odò ló mú mi. Ẹ má tan ara yín. Bí omi yẹn bá lè mú onírọ́, ì bá ti mú mi nígbà tí Benjamin ṣì wà láàyè. Ẹ ti gbé iṣẹ́ tó yẹ kí ẹ ṣe fún odò, odò kò bá yín ṣe é. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń pariwo pé òun fẹ́ràn igbó yín, ẹ bi í ní ìwé, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ẹni tó bá sì kọ̀ láti búra, ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí òrùlé rẹ̀.

Ìyá Ìdùnnú, mo rí i pé ẹ ti dìde. Ẹ máa lọ, mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lónìí, torí ẹ lè fún mi nítorí pé mò ń kú lọ, ìyẹn á tún jẹ́ ìrẹ́jẹ mìíràn. Ẹ̀yin ará Òkè-Ìsun, kí lẹ ṣì jókòó tì mí fún? Ẹ tẹ̀lé obìnrin náà. Ẹ bá a dé Ifẹ̀-Olúkòtún, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá yóò gbà kí ẹ gbé ọkọ òun wálé. Bó bá ní rárá, ẹ kúnlẹ̀ síbẹ̀. Èmi nìkan kọ́ ni mo ṣí òrùlé yẹn.