Awò Ojú Jìbírílù

Nígbà tí Láwàlì Fọláwẹwọ́ rí i pé àìsàn tó dá òun dùbúlẹ̀ kò ní í jẹ́ kí òun dìde mọ́, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹni tó wà lójúde náà lè gbọ́, nítorí irọ́ tí òun fi ń jayé ọlá ní Ọ̀tà kò ní í bá òun wọ sàréè. Ó ku ọdún méjì kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ọ̀tà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n wálé fún ìsinmi, ló kún inú yàrá. Rùfáì, olórí wọn, ti bẹ Bàbá, bí wọ́n ṣe ń pe Láwàlì, pé kó tún sọ fún àwọn bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń fojú sun ohun kan tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sọ tó o. Láwàlì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdọọdún ló máa ń wọ ẹ̀wù kóòtù dúró níwájú irú wọn, tí yóò máa sọ pé ẹni tó mọ ibi tó ń lọ kì í ṣìnà, tí wọn yóò sì máa pàtẹ́wọ́ bí ẹni ń lé ẹyẹ lóko. Ọ̀rọ̀ náà rí i lára nísinsìnyí bí èébì ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó, òun yóò sọ bí òun ṣe débẹ̀ gan-an.

Àwọn méjì kan wà nínú yàrá náà tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Láwàlì ló ránṣẹ́ pè wọ́n láti Àtàn. Jìbírílù Àmúsà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀. Fàtímọ̀, àbúrò Jìbírílù, jókòó sí ìdí ògiri lódìkejì, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Láwàlì ní nígbà tí òun àti Jìbírílù jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ohun tí òun fojú sùn kò ju mẹ́ta lọ: kí òun gba ipò kìíní nínú ìdánwò àṣekágbá, kí òun di ọ̀gá ilé ìwé tuntun tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ l'Ọ́tà, kí òun sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ohun rere ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olè náà, ohun rere ló ń wá. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọn yóò fún ní ilé ìwé yẹn, Jìbírílù sì mọ̀wé jù ú lọ. Jìbírílù yìí kan náà ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Bí kò bá yé e, yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní í rẹ́rìn-ín rẹ̀.

Ojú Jìbírílù kò dára. Dókítà ní Èkó ní àfi kó lo awò ojú, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àgbẹ̀ kò sì rí owó rẹ̀. Ni bàbá bá lọ yáwó lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìtele, ó sì fi Fàtímọ̀ ṣe ìwọ̀fà níbẹ̀. Ọmọge tí kò tí ì tó lọ́kọ ló ń pọn omi, tó ń yan gàrí nílé onílé, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè rí ojú pátákó. Láwàlì mọ gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tí Jìbírílù kò sọ fún un.

Nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì ń kírun àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́yìn imáàmù ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Jìbírílù bọ́ awò ojú sílẹ̀ kó lè foríkanlẹ̀. Bí orí rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀, Láwàlì já ìrun tirẹ̀, ó mú awò ojú náà, ó rìn lọ sídìí ṣáláńgá, ó jù ú sínú rẹ̀. Ó padà wá, ó sì bá imáàmù sálámà. Nígbà tí Jìbírílù ń fọwọ́ táràrà kiri, Láwàlì kúnlẹ̀ bá a wá a nínú koríko.

"Mo tilẹ̀ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá wa rí i," ó ní.

Rùfáì fẹ́ tù ú nínú, ó ní ọmọdé ló ń ṣe Bàbá nígbà náà.

"Rùfáì, má bá mi pa irọ́. Mo mọ̀ ọ́n pa jù ọ́ lọ."

Àdìzát, ìyàwó rẹ̀, wọlé, ó ní kí àwọn ọmọ dákun máa lọ, ibà ló ń da ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Láwàlì ní láti ìgbà tí ibà ti dé ni òun tó ń sọ òótọ́, kí ó jókòó, nítorí èyí tó burú jù kò tí ì jáde.

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kí Jìbírílù má bẹ̀rù, òun fúnra òun yóò máa ka ìbéèrè sí i létí, yóò sì máa fẹnu dáhùn. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ pe Láwàlì, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó bi í bí awò ojú náà ṣe sọnù. Jìbírílù wà ní ìdúró níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá tún ohun gbogbo ṣe. Láwàlì rí i pé ilé ìwé fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ó tà á ni, sà. Ojú mi ló ṣe tà á lọ́jà."

Jìbírílù yíjú síbi tí ohùn ti wá, nítorí kò lè rí ojú ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó rọra béèrè pé, "Láwàlì, ṣé ìwọ nìyẹn?"

Wọ́n lé Jìbírílù lọ sílé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé òpùrọ́ lọmọ rẹ̀, ó ti ta awò ojú. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn sọ pé Jìbírílù ti ta àbúrò rẹ̀. Etí odò ní Ìtele ni Fàtímọ̀ ti gbọ́, ó sì ń sin owó náà lọ fún ohun tí kò sí mọ́. Bàbá wọn kú láìbá Jìbírílù rẹ́. Láwàlì gba ipò kìíní, ó gba ilé ìwé, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bó bá rí Jìbírílù ní oríta Ṣàngó tó ru pákí, á tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kíákíá. Lọ́dún kan ó fún un ní dàńṣíkí àlòkù ní gbangba, gbogbo ènìyàn sì yìn ín pé aláàánú ni.

"Aláàánú," ó ní, ó sì tutọ́ sínú àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ yan ohun tó bá wù wọ́n, kò burú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i pé orí ẹnìkejì ni àwọn yóò tẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o, kí wọ́n padà sílé lọ roko. Ó wá yíjú sí Jìbírílù, ó ní kó dárí ji òun nítorí Ọlọ́run.

"Ohùn rẹ kò ròkè tó," Jìbírílù ní. "Tún un sọ, kí Fàtímọ̀ gbọ́."

Láwàlì fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde díẹ̀. "Jìbírílù kò ta awò ojú. Èmi ni mo jù ú sí ṣáláńgá."

Fàtímọ̀ dìde. Ó gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, kò bojú wo ibùsùn. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Jìbírílù fi ọwọ́ wá orí rẹ̀ títí tó fi rí i. Ó ní kó dìde, kí àwọn tètè máa lọ, òun fẹ́ kí àwọn jọ dé ibi sàréè bàbá kí oòrùn tó wọ̀. Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jáde. Láwàlì pè wọ́n títí, ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé dé òpópónà. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn nínú wọn.