Korobá Ọwọ́ Màámi

Ẹ̀yin ará ilé Ọlọ́run, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìsìn. Bàbá Fíkà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Ọlọ́run tó ni òjò, tó tún ni ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, n kò ní pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà. Abẹ́òkúta la sì wà, orí àpáta ni gbogbo wa kọ́lé sí, omi ò ríbi wọlẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo àgbàrá òkè, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Ọ̀rá, pámpáàsì ọmọdé, omi ọṣẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ á gba inú gọ́tà wá, á ya wọ àgbàlá wa, á yí kànga ká. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Àwa onílé ò gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá wa ò ká a.

Màámi ló ni ilé náà, ẹ mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn míì wà nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí tí wọ́n ti nà rí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kì í kúrò lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, taifọ́ìdì á dá wọn dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má fi omi kànga yẹn kan ẹnu mọ́. Wọ́n á mu pure water o, àmọ́ omi kànga ni wọ́n á fi fọ eyín, òun ni wọ́n á fi fọ ẹ̀fọ́. Wọ́n ní omi táwọn fi tọ́ mi dàgbà ni. Èmi ní tèmi, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìdájí ni mò ń bá rélùwéè lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé ká lọ háyà ilé sí ibòmíràn. Wọ́n ní inú ilé tí bàbá mi kọ́ làwọn máa kú sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, torí lọ́dún tó kọjá, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí díríìpù wà lọ́wọ́ wọn, Màámi ò dá mi mọ̀ mọ́. Wọ́n ń bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà débi pé nọ́ọ̀sì ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Àdúrà ni mo gbára lé. Mo ní, Olúwa, bó o bá lè gba ìyá mi lọ́wọ́ àgbàrá yìí, gbà wọ́n. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìròyìn dé ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ fún àwọn àdúgbò kan ní gíráńtì, owó ìrànwọ́ tí wọn ò ní gbà padà, kí omi òjò tó ń ṣàn lọ sódò lè mọ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò ńlá sí ojú ọ̀nà gọ́tà, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn sí i, kí àgbàrá lè kọ́kọ́ dúró níbẹ̀, kó tòrò, kó tó kọjá. Àdéhùn kan ló wà níbẹ̀: àdúgbò tó bá ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, wọn ò ní fún un.

Ẹni tó rí físà gbà ò lè yọ̀ tó mi lọ́jọ́ náà. A kó gọ́tà, a gbálẹ̀, Màámi dúró lé wa lórí bí ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa wá yẹ àdúgbò wò, mo gbààyè níbi iṣẹ́. Obìnrin kan tó wọ bàtà òjò ló ṣáájú wọn. A bá wọn rìn láti òkè wá, gọ́tà mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Iwájú ilé wa gan-an la dé tí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ mọ àṣà wa. Bí òjò bá ti ṣú, ẹni tó ti ń kó ìdọ̀tí pamọ́ sẹ́yìnkùlé á gbé e jáde, á dà á sí gọ́tà, á ní kí òjò bá òun gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára. Ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ náà? Màámi ni. Wọ́n fi ọ̀rá borí nítorí òjò, wọn ò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni, wọ́n dojú korobá ìdọ̀tí dé sínú gọ́tà níwájú obìnrin yẹn. Kí n tó lanu, géètì òkè ti ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdọ̀tí ń bọ̀ lórí omi. Alága wa káwọ́ lérí. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé.

Obìnrin náà ò bínú. Ó rọra bi Màámi pé, “Màmá, níbo nìyẹn ń lọ?”

Màámi ní òjò ló ń gbé e lọ.

“Òjò wá ń gbé e lọ síbo, mà?”

Màámi fẹ́ dáhùn. Wọ́n wo àgbàrá bó ṣe ya wọ àgbàlá wa, tí èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù léfòó lórí rẹ̀, tó ń yí kànga wọn po.

Àwọn àlejò lọ. Wọ́n ní àwọn ṣì máa padà wá, àwọn ò ní sọ ọjọ́. Ṣùgbọ́n àwa gbà pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo kúnlẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo máa bèèrè mọ́, Olúwa nìkan ni mò ń pè.

Ìdáhùn tí mi ò retí ló dé. Lọ́jọ́ Sátidé, Màámi mú korobá yẹn lọ́wọ́, wọ́n ní ká jọ lọ sókè. Mo rò pé ìbáwí ni wọ́n fẹ́ pín kiri bí ìṣe wọn. Rárá o. Gbogbo ilé tá a yà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà dà á. Inú kànga ara mi ni mo dà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ dáwọ́ dúró.”

Obìnrin tí kì í gbà pé òun ṣàṣìṣe rí nìyẹn o! Àwọn tó máa ń yà bàrá tí wọ́n bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀. Bàbá kan tí òun àti Màámi kì í kí ara wọn ló gbé dírọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ìkóríta, tí gbogbo wa ń da ìdọ̀tí sí, tí ọlọ́kọ̀ ń wá kó.

Inú òjò ńlá ni obìnrin oníbàtà òjò yẹn padà wá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Màámi lẹ́nu géètì lábẹ́ agbòjò, wọ́n ń ṣọ́ gọ́tà. Géètì kan ò ṣí. Ará, wọ́n fún wa ní gíráńtì náà! Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n gbin koríko sí etí gọ́tà, àgbàrá ò ya wọlé wa mọ́. Òjò ọdún yìí ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Màámi ò dé ọsibítù. Ẹ wò wọ́n níwájú níbẹ̀ yẹn. Láàárọ̀ yìí, orúkọ mi ni wọ́n fi jí mi.

Mo fẹ́ fo ọ̀rọ̀ korobá, kí ojú má bàa tì wọ́n. Wọ́n ní bí mo bá fò ó, àwọn á dìde sọ ọ́ fúnra àwọn, pé ìdúpẹ́ tá a gé lórí kì í ṣe ìdúpẹ́.

Korobá tó wà lẹ́sẹ̀ wọn yẹn, òun náà ni. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ọsàn ìdúpẹ́ ló kún inú rẹ̀. Bí ìsìn bá parí, ẹ wá mú, ẹ bá wa jẹ ẹ́, ẹ bá wa yọ̀, kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run. Àmọ́ òjò ti ṣú síta. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ mú èèpo rẹ̀ dání lọ sílé.