Iyọ̀ Inú Agolo Aṣáà

Ọjọ́ tí mo jókòó ti tọkọtaya àgbàlagbà kan níbi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní Kàbbà ni ọ̀rọ̀ dídín iyọ̀ oúnjẹ kù wọ̀ mí lára. Ojú bàbá náà ti ń ṣókùnkùn, dókítà sì ní òun kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà àyàfi bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá rẹ̀ bá wá sísàlẹ̀ 140.

"Bàbá, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà kí Ọlọ́run lè gbà yín lọ́wọ́ aṣáà," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. "Àṣé iyọ̀ lẹ rọ sínú agolo aṣáà, tí ẹ ń bù ú sọ́bẹ̀ bí mo bá ti kẹ̀yìn!"

"Ọlọ́run ṣáà gbọ́. Mo ti fi í sílẹ̀."

"Lẹ́yìn tí mo gba agolo lọ́wọ́ yín!"

"Ahọ́n mi ló ń sunkún, kì í ṣe èmi. Ọbẹ̀ rẹ nígbà yẹn dà bí omi ìfọwọ́."

Títí dòní ni mo ń rántí ahọ́n tó ń sunkún yẹn.

"Látìgbà tí mo ti ń fi irú àti alùbọ́sà gbé ọbẹ̀ náà dìde ńkọ́?"

"Ó ti sinmi ẹkún."

"Kí wọ́n yáa tún ojú yín ṣe, kí ẹ lè rí ẹni tí ẹ ń parọ́ fún."

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n, ó we ẹ̀rọ mọ́ bàbá lápá. Ìyá náà di ọwọ́ kejì ọkọ rẹ̀ mú, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

"Òkun o, bàbá," ni nọ́ọ̀sì fi kí i, bí wọ́n ti ń kíni ní Kàbbà. "138 ni."