Kọ́là Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi kò balẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni àwọn ọmọ Màmá, onílé wa ní Bódìjà, fẹ́ kí n wá gbàdúrà níbi ọjọ́ ìbí ìyá wọn. Àlùfáà ni wọ́n ń pè mí. Alágbàfọ̀ ni mí!

Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí onílé wa ní Agbowó ní ká kó jáde. Gbogbo ibi tí a wá yàrá dé, wọn kò gbà wá. Wọ́n wá sọ fún mi pé opó àlùfáà kan ní Bódìjà ní yàrá méjì lẹ́yìnkùlé, àmọ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run nìkan ló ń fẹ́. Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀wù oníbàárà mi kan, àlùfáà gidi, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù mi ni. Mo gbé e wọ̀, mo fi kọ́là funfun tí àwọn àlùfáà máa ń wọ̀ sọ́rùn. Bí mo ṣe rí Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wo ikùn ìyàwó mi, wọ́n ní, "Ẹ dìde, Àlùfáà. Ẹ máa kó ẹrù yín bọ̀."

Mo dá ẹ̀wù padà, mo sì gé kọ́là tèmi lára ike ọṣẹ olómi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọọjọ́ Àìkú, bí ẹni ń lọ wàásù. Ojú ń tì mí. Màmá ló mú ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn, Màmá ló ń wẹ ọmọ wa. Oore náà wá pọ̀ ju irọ́ mi lọ. Lọ́jọ́ kan, mo bọ́ kọ́là, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni Màmá bú sí? "Ọjọ́ tí o dé ni mo ti mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ kọ́là ọkọ mi. Bó bá ti wà lọ́rùn wọn, ìyá tó bí wọn gan-an kì í jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Ìwọ na gbalaja! Mo ní irọ́ lèyí ń pa, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ nílé. Ṣé kí n wá lé aboyún síta ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ kọjá ìloro! Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo dúpẹ́ títí, ọpẹ́ mi kò tó.

Màmá ní àwọn ti dárí jì mí, àmọ́ ẹnu àwọn kọ́ ni àwọn ọmọ yóò ti gbọ́. Àgbà inú àwọn ọmọ náà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí mo bá sọ, ó lè lé wa. Bí n kò bá sì sọ, ṣé kí n fi irọ́ gbàdúrà fún ẹni tó bo àṣírí mi? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkàn mi ń sọ pé kí n lọ láìsí kọ́là lọ́rùn, kí n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lójú gbogbo wọn, bí mo ti ṣe lọ́jọ́ kìn-ín-ní.