Ebi Tí Mo Kọ́ Ṣìkírá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, n kò rí i gbé mì, n kò sì lè tu ú jáde. Obìnrin kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé wa nílùú Ṣakí, ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, orúkọ burúkú ló sì gbé lọ. Èmi àti ẹnì kan péré la mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Ta ló wá ṣe é? Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni.

Olùkọ́ ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kẹta, mo sanra débi pé bí mo bá gun àtẹ̀gùn iléèwé wa, ṣe ni màá dúró máa mí gúlegúle lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a fẹ́ jọ gun ọ̀kadà lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìpàpó, ó wò mí tìsàlẹ̀tòkè, ó ní, "Ìyá Àwáwù, ó máa dáa ká gba ọ̀kadà méjì." Ọlọ́kadà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, màá wọ bàtà kánfáàsì, màá rìn kíákíá títí dé ẹ̀yìn ìlú níbi tí oko kajú ti bẹ̀rẹ̀, màá sì sáré padà. Ìyẹn kò burú. Oúnjẹ ni mo ṣì mú: ẹyin kan láàárọ̀, kùkúńbà lọ́sàn-án, omi gbígbóná nírọ̀lẹ́, ó tán. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi fi agbára mú un. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, aṣọ ń já bọ́ lára mi, gbogbo agboolé sì ń yìn mí. Wọn ò mọ̀ pé irun mi ń re, pé nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, pé bí mo bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, òòyì á kọ́ mi, màá yára di tábìlì mú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ṣé ẹni tí wọ́n ń yìn á jẹ́wọ́ pé ebi ń pa òun?

Ìgbà yẹn ni Ṣìkírá wá bá mi. Òun ni ìyàwó kejì tí àbúrò ọkọ mi fẹ́, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ju oṣù méjì lọ. Ó ní ikùn òun kọ̀, kò wọlé, ọkọ òun kò sì wo òun bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. "Ìyá Àwáwù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní tiyín." Ṣé kò yẹ kí n ní kó dúró kí ọmọ rẹ̀ dàgbà díẹ̀? Inú mi dùn ni, pé ẹnì kan fẹ́ dà bí èmi! Mo kọ́ ọ, mo tún kìlọ̀ fún un pé, "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ o. Bí ìyá ọkọ wa bá gbọ́ pé o ń febi pa ara rẹ lórí ọmọ, ilé á dàrú."

Ìyáálé rẹ̀, Ìyá Ráfátù, obìnrin jẹ́jẹ́, ló ń se oúnjẹ fún un nítorí ọmọ tuntun. Bó bá gbé iyán wá, Ṣìkírá á dúpẹ́, á sì dà á fún ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé. Láàárọ̀, a ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ wa, a ó ní à ń lọ na ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ọmọ ń ké, ọrùn rẹ̀ ń tín-ín-rín. Mo rí i! Mo ní, "Fara dà á, ó máa mọ́ ọ lára."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ṣìkírá ṣubú gbì lójú ọ̀nà oko kajú. A gbé e dé ọsibítù, ìyá ọkọ wa sì gbé ọmọ tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ ọmọ wò, ó ní, "Obìnrin yìí kò jẹun. Kò burú kí abiyamọ máa rìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹun kánú."

Ìyá ọkọ wa lanu. "Kò jẹun kẹ̀? Tí ìyáálé rẹ̀ ń gbé abọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́?" Ó tún ní, "Kí ló wà nínú abọ́ ọ̀hún?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ṣìkírá wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Ìyá Ráfátù síwájú ẹbí pé oògùn ló ń fi sí oúnjẹ, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mo fi Ọlọ́hun búra, n kò fi nǹkan kan sí i. Ẹ bi Ìyá Àwáwù, wọ́n mọ̀ mí." Gbogbo ojú yí sí mi.

Mo ní, "Èmi ò mọ nǹkan kan o."

Ẹyin lohùn. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ Ìyá Ráfátù ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ṣìkírá ti wá ń jẹun báyìí, ọmú ti padà, ọmọ ti ń dán. Ẹ mọ ohun tí ìyá ọkọ wa ń sọ? "Ṣé ẹ rí i? Láti ọjọ́ tí àjẹ́ yẹn ti lọ!" Ìwòsàn ọmọ ló di ẹ̀rí lòdì sí aláìṣẹ̀. Ṣìkírá ń bẹ̀ mí pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé òun náà. Èmi fúnra mi ṣì ń sáré láràárọ̀; bí mo bá bu òkèlè méjì, ẹ̀rù á bà mí bí ẹni tó jalè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọn, ẹ rìn, ẹ jẹun níwọ̀n, kí ẹ sì bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Kíláàsì mi ni Ráfátù wà. Lánàá, ó gbé abọ́ wàrà kan wá bá mi, èyí tí ìyá rẹ̀ fi rán èrò ọkọ̀ láti Ìgbòho. Ó ní, "Tíṣà, màámi ní kí n fún yín. Wọ́n ní ẹ ti rù jù, wọ́n ní kí ẹ rọra máa tọ́jú ara yín." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, nínú gbogbo àwọn tí mo ṣẹ̀, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?