Owó Inú Fìlà Gaston

Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni mo tì bọ inú fìlà ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, tí mo fi kó ẹgbẹ̀rún méjìlá fàráǹkì jáde, tí wọ́n sì ka ẹlòmíràn sí olè. Mo ti gbé e mọ́ra pẹ́ tó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Kétu, tí ẹ máa ń pè mí ní Barnabé olórí kunkun, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ohun tí orí kunkun náà bò mọ́lẹ̀.

Ọjọọjọ́ Àìkú ni àwa ọ̀rẹ́ kan jọ máa ń jẹun nílé oúnjẹ Léontine. Gaston ni àgbà wa nígbà náà. Kò fẹ́ kí ojú ti ẹni tí kò lówó. Nítorí náà, tí a bá jẹun tán, á ṣí fìlà rẹ̀, á ní ká gbé e yípo. Oníkálukú á di ẹ̀ṣẹ́, á tì í bọ inú fìlà, á sì fà á jáde ní dídì. Ẹni tó ní á fi sílẹ̀, ẹni tí kò ní á kàn ṣe bíi pé òun fi sílẹ̀. A kì í wo ọwọ́ ara wa. Ohun tó bá kù, Gaston á dí i. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó òwú fún wa. Gaston fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹgbẹ̀rún méjì sínú fìlà lójú gbogbo wa, ó ní, "Ẹran ọ̀yà tòní, èmi ni mo rà á fún yín." Fìlà yí títí ó fi dé ọwọ́ mi. Saliou nìkan ló kù lẹ́yìn mi. Ẹ̀ṣẹ́ mi wọlé lófìfo, ó jáde ní kíkún.

Kì í ṣe ebi. Èmi náà gba owó òwú. Saliou ni mo ń bá jà, òun kò sì mọ̀ pé ìjà wà. Nígbà tí a jọ wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní sínyáàlì. Ẹni tó bá sọ èdè wa dípò Faransé nínú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n á so ó mọ́ lọ́rùn, òun náà á sì máa wá ẹni tó máa gbé e fún. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá jáde, òun ló máa jẹgba. Lọ́jọ́ kan, ó wà lọ́rùn Saliou. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo ké pé, "Yéè, ìyá mi ò!" Ó rẹ́rìn-ín, ó so igi mọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n nà mí débi pé n kò lè jókòó. Mo ní n kò ní padà síbẹ̀ mọ́, n kò sì padà. Ìbínú yẹn ni mo ń sìn bí ẹran ọ̀sìn fún ogún ọdún ó lé, tí mò ń fún un lóúnjẹ.

Gaston da fìlà sórí tábìlì: owó wẹ́wẹ́ nìkan ló jáde. Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ ẹni tó di fìlà mú kẹ́yìn. Saliou fi Kùránì búra. "Ẹ tú mi lápò!" ló ń wí. Gaston ní, "A kì í tú ọ̀rẹ́ ẹni lápò." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò sẹ́ni tó bú Saliou. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà kò sún. Ó kó lọ sí Àjàṣẹ́. Owó náà, n kò tilẹ̀ ná an. Mo fi í pamọ́ sínú ògiri, ikán jẹ ẹ́.

Gaston ti kú, èmi ni mo di àgbà. Lọ́dún yìí, Saliou padà wá kan òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Fidèle, ọ̀kan nínú wa tó ń tún alùpùpù ṣe, lọ kí i, ó ní kó wá bá wa jẹun. Saliou dá a lóhùn pé, "Inú fìlà kan kò tún ní rí ọwọ́ mi. Ẹ wá áàpù sórí fóònù, èyí tó máa ṣírò ohun tí oníkálukú jẹ lójú gbogbo yín. Ìgbà yẹn ni mo máa tó jókòó tì yín." Ó dùn mọ́ gbogbo wọn. Wọ́n wá kọjú sí mi, torí pé àgbà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Àkọ́kọ́ tí Fidèle fi hàn wá, ńṣe ló ń pín gbogbo owó lọ́gbọọgba. Mo ní, "Saliou kì í mu bíà. Ṣé kó wá máa bá Honoré sanwó bíà ni?" Honoré ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bíà mi sílẹ̀, kò bá yín jà!" Ẹ̀rín sọ. Èkejì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí résò tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sórí fóònù. Mo ní, "Ọjọ́ tí résò bá lọ ńkọ́? Ṣé ká máa fọ abọ́ fún Léontine ni?" Mo rò pé mo ti bọ́. Fidèle gbé ẹ̀kẹta jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí résò, ó ń kọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́, gbogbo fóònù wa ló sì máa fi ẹni tó san àti ẹni tó jẹ gbèsè hàn. N kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀. Mo ní Faransé ni, n kò lè kà á.

Léontine ń nu tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ń ta ilẹ̀, ẹ mọ Faransé kà. Ẹ sọ òótọ́: Saliou lẹ kò fẹ́. Olè lẹ ṣì kà á sí."

Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo pa á lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, á wá jókòó síwájú mi lọ́jọọjọ́ Àìkú títí n ó fi kú. Mo dà bí òkété tí wọ́n dí ihò rẹ̀ méjèèjì. Ibẹ̀ la wà tí Saliou fúnra rẹ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà, torí Fidèle ti ránṣẹ́ sí i. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kò jókòó. Ó ní, "Barnabé, má wulẹ̀ dá wọn lóhùn. Mo mọ ohun tó wà níkùn rẹ. Fidèle, mú èyí tó ń fi gbèsè hàn yẹn. Kọ orúkọ mi sí i. Kọ ọ́ pé mo jẹ Gaston ní ẹgbẹ̀rún méjìlá." Ó kó owó lé tábìlì. "N kò jí i, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dàgbà ju ẹni tó ń dá jẹun lọ. Ẹ gba owó yín, kí ẹ sún fún mi."

Honoré ti ń sún. Fidèle ti tẹ S, ó ti tẹ A, ó wò mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n parí ẹ̀?" Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé Saliou jalè. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ yìí, nítorí àyè lórí bẹ́ǹṣì.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi bo fóònù náà. Mo ní, "Pa á rẹ́. Barnabé ni kí o kọ. Èmi ni mo mú un, Saliou. Nítorí sínyáàlì ni."

Saliou yíjú sí mi. Ó ní, "Sínyáàlì wo?"

Kò rántí. Mo dìde, mo fi àyè mi sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì, mo sì tún un wí sókè, kí àwọn tó ń jẹun ní tábìlì kejì lè gbọ́: "Èmi ni mo jí owó Gaston. Saliou kò jí nǹkan kan. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."