Ohun tí Mo Fi Sí Ìyá Sáfú Lẹ́nu

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ẹrù kan ti wà láyà mi láti bí ọdún mẹ́fà. Mo rò pé yóò fúyẹ́ bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Kò fúyẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún dá kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Akọ̀wé ni mí ní Yábàá nígbà náà. Òyìnbó onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan gbà mí ṣe ògbufọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé bí ẹranko ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, bẹ́ẹ̀ ni àwùjọ ènìyàn náà ń yí: èyí tó bá ibi tó wà mu ló ń ṣẹ́kù, ìyókù á pa rẹ́. Ó ní àwọn kan nínú ẹgbẹ́ òun sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọjà rí, pé kò sẹ́ni tó ń ran ẹnìkejì lọ́wọ́ lásán. Òun náà fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń ta ẹní ní Ọ̀yìngbò. Ìyá Sáfú ni olórí wọn. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Múṣín. Abẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń tajà. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, àwọn yòókù á bá a ta tirẹ̀ kí wọ́n tó ta tiwọn. Ọ̀kan ti fọ́jú nínú wọn, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ wọn ò yọ ọ́. Òyìnbó ní kí n béèrè ìdí.

Ìyá Sáfú ní, “Ọmọ mi, sọ fún un pé kò sídìí kankan. Ẹni wa ni.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òyìnbó ti ń sọ pé òun lè mú mi lọ sílé ìwé lókè òkun. Mo sì ti rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń dán tí ìdáhùn bá bá èrò rẹ̀ mu. Mo sọ fún un pé ìyá ní ẹ̀rù pé irú rẹ̀ lè kan àwọn náà lọ́la ló ń ba àwọn, pé ẹni tí kò bá lè san oore padà, wọn á fi í sílẹ̀ láìpẹ́.

Ó wò mí. Ó ní, “Ṣé ohun tó sọ gan-an nìyẹn? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, sọ fún mi.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn aláṣẹ ọjà kà á. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ò ní pẹ́ tú ká fúnra rẹ̀, kí àwọn kúkú fi ibẹ̀ fún ẹni tó lágbára láti kọ́ ìsọ̀. Wọ́n wó àtíbàbà náà, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin náà fọ́n ká. Afọ́jú yẹn padà sí Ìjẹ̀bú, ó sì kú kí ọdún tó yí. Èmi náà ò rí òkè òkun lọ. Nígbà tí mo kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ sí òyìnbó lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ìyàwó rẹ̀ ló fèsì. Ó ní ọkọ òun ti kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Sáfú, tí kò mọ̀wé kà, rí ìwé náà ní yàrá mi, ó sì dá àwòrán àtíbàbà wọn mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àwọn fún òun. Mo ṣí i. Ojú mi wà lórí ohun tí mo bà jẹ́, ẹnu mi ń sọ ohun tí ìyá sọ lọ́jọ́ náà. Ó sunkún. Ó ṣàdúrà fún mi pé mo bá àwọn jíṣẹ́ bó ti yẹ.

Ó ti ránṣẹ́ pe àwọn tó kù nínú wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni kí n kà fún wọn?